Àbàwọ́n Tíì Lójú Ewé Kẹrìnlá

Ìlú Utena, oṣù Ẹrẹ́nà, yìnyín ò tíì kúrò lójú adágún.
Èmi ni mò ń kọ owó tó wọlé, èmi ni mò ń kọ owó tó jáde
fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ tó jẹ gbèsè iná oṣù méjì.
Gintautas, ọ̀gá wa, ti kálámù pupa bọ̀ mí lọ́wọ́:
"Bá mi ṣírò Vaidotas.
Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ṣé ó tó owó rẹ̀ àbí kò tó?"

Mo ṣí ìwé. Ìwé kì í tijú ẹnikẹ́ni.
Ogójì ìdíje la gbá; mọ́kàndínlógún ló bá wa gbá.
Oṣù Ọ̀wàrà, iṣan itan já.
Oṣù Bélú, ìka ọwọ́ yẹ̀; ó dè é mọ́ ìka kejì, ó ní kò sí nǹkan.
Oṣù Ṣẹ́rẹ́, orúnkún òsì wú bí ìyẹ̀fun tó ti mu ìwúkàrà.
Imú rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀mẹta,
kò mọ ibi tí yóò kọjú sí mọ́.
Owó dókítà, owó bándéèjì, owó yìnyín inú ọ̀rá
(yìnyín! ní ìlú tí a ti ń fi ṣọ́bìrì kó o dànù),
mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Níbo wá ni kí n kọ èyí sí?
Pé bí ó bá ti wọlé, pátákó ilẹ̀ á mọ̀.
Pé òun ló ń sáré padà
nígbà tí àwọn ọmọ ogún ọdún ṣì ń wo ojú rẹfirí.
Pé ó ń dúró gbọnyin kí ẹni tó sanra jù ú lọ kọ lù ú láyà,
á ṣubú gbì, á dìde, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he.
Pé ó ń ké sí ọmọdé Tautvydas, "Ẹ̀yìn rẹ! Ẹ̀yìn rẹ!"
títí ohùn á fi há,
ọmọ náà ò sì mọ̀ pé ojú tí òun fi ń rí ẹ̀yìn, àyálò ni.

Alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti fi àmì mẹ́tàlélógún ṣáájú wa.
Ìṣẹ́jú kan ló kù. Àwọn èèyàn ti ń wọ ẹ̀wù òtútù,
ìyá àgbà Bronislava ti ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́.
Bọ́ọ̀lù kan ń yí jáde lọ, bọ́ọ̀lù tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan.
Ọkùnrin yìí fò tẹ̀lé e,
gbogbo gíga rẹ̀ nà tàntàn lófuurufú,
ó fọwọ́ gbá a padà sínú,
ó já lé tábìlì mi.
Ife fò. Tíì ya bo ewé kẹrìnlá.
Mo gbọ́ orúnkún náà, ó dún pá, bí ẹ̀ka gbígbẹ.
Ìwé mi ló kọ́kọ́ wò, kó tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
"Ẹ má bínú, ìyáàfin. Ṣé iṣẹ́ yín ò bàjẹ́?"
Tautvydas ti ju bọ́ọ̀lù náà wọlé.
Mọ́kànlélógún ni wọ́n fi nà wá.

Wọ́n ní ẹlẹgẹ́ ni.
Èmi ò mọ̀. Fìtílà tí kò tàn ni kì í jẹ epo.
Mo ti rí àwọn tí nǹkan kan ò ṣe rí,
orúnkún wọn ń dán bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí;
ogójì nínú ogójì ni wọ́n gbá,
n ò rántí orúkọ ẹyọ ẹnì kan.
Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, òótọ́ ni.
Ẹ fọwọ́ kàn án ná, kí ẹ sọ èyí tó le jù fún mi.

Láàárọ̀ yìí mo bá a lórí àtẹ̀gùn,
ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ bí alákàn, ó ń súfèé.

Mo fi ewé kẹrìnlá han Gintautas.
Ó gbé e sún mọ́ iná. Iye ọjọ́ tí kò wá ti di pupa rúsúrúsú.
"Kí lo kọ síbí?"
Mo ní, "Ọdún kan sí i."
Ó gbé ewé náà sí imú.
Kò tíì dá mi lóhùn.