Agbọ́n Abẹ́ Páánù

Ọjọ́ tí ará NẸ́PÀ wá ka mítà, agbọ́n ta á.
Ojú kan ló fi ka nọ́ńbà, ojú kejì ti wú bí búrẹ́dì.
Kò mú bíìlì kankan wá fún wa lóṣù náà,
làwọn ayálégbé bá ní kí agbọ́n ó máa gbébẹ̀ lọ.

Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò pa lẹ́rìn-ín.
Òkè ilẹ̀kùn ìdáná mi ni wọ́n kọ́lé sí,
abẹ́ páánù tó ti dípẹtà láti ìgbà tí Bọ̀sẹ̀ wà níkùn.
Ilé náà fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rọ̀ mọ́ igi àjà,
ó dojú dé bí agogo, ó nihò bí asẹ́.
Bí mo bá fẹ́ gbé ìkòkò kọjá, mo ní láti tẹrí ba
bí ẹni tó ń wọ ààfin.

Ìmọ̀ràn kì í wọ́n ní Odòjọmù, l'Óǹdó.
Lámídì oníwáyà ní kí n wọ́n pẹtiróòlù sí i, kí n ṣáná;
mo rántí ilé àwọn Akínlúà lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn:
agbọ́n jó, yàrá mẹ́rin jó tẹ̀ lé e.
Ìyá Adégoróyè ní èéfín ata ni.
A fín in.
Àwa la wúkọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, agbọ́n ò tilẹ̀ sín.

Ó wá ku èmi àti ohun tó wà nílé:
ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, ṣíbí mẹ́ta,
omi lílọ́wọ́ọ́wọ́,
ìgò tí Bọ̀sẹ̀ fi ń fín omi sírun,
ẹ̀wù òjò bàbá rẹ̀, tó máa ń wọ̀ lọ sóko kòkó nígbà ayé rẹ̀,
tí àpò ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń rùn tábà dòní.
Gèlè àtijọ́ ni mo fi bojú.
Ìbọ̀sẹ̀ Bọ̀sẹ̀ ni mo fi bọwọ́.

Agbọ́n kì í ṣe agbọ̀n tí a lè fọwọ́ lásán gbé,
ọgbọ́n la fi ń bá a lò.
Mo dúró kí oòrùn wọ̀, kí kálukú wọn ti ibi iṣẹ́ dé,
kí wọ́n fara ti ara wọn bí ọmọ ìyá lórí ẹní.
Mo paná. Mo gun àga.
Ẹsẹ̀ àga ń gbọ̀n, tàbí ẹsẹ̀ mi ni, n ò mọ̀.

Mo fín in lẹ́ẹ̀kan,
mo fín in lẹ́ẹ̀mejì,
lẹ́yìn ìyẹn n ò kà á mọ́.
Ọṣẹ wúwo lápá wọn. Wọ́n ń já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì,
tó, tó, tó,
bí òjò àkọ́rọ̀ tó ṣì ń rò ó bóyá kóun rọ̀.
Ọ̀kan rí ihò lára ìbọ̀sẹ̀, ó ta mí níka àárín.
Mo fi àlùbọ́sà ra á. Mo ṣépè. Mo tún fi àlùbọ́sà ra á.

Ilẹ̀ mọ́, mo fi igi ìgbálẹ̀ já ilé náà lulẹ̀.
Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí bébà.
Mo wò ó dáadáa: igi ilẹ̀kùn mi ni wọ́n há jẹ,
tí wọ́n fi itọ́ pò, tí wọ́n fi kọ́lé;
ọ̀dà búlúù ilẹ̀kùn ọ̀hún ṣì hàn fẹ́ẹ́rẹ́ létí rẹ̀.
Ọmọ funfun wà nínú ihò wọ̀nyẹn, wọ́n ń mi orí.
Adìẹ ilé kejì ò jẹ́ kí n ronú pẹ́.

Òwúrọ̀ yẹn náà ni lẹ́tà onílé dé:
oṣù mẹ́ta, kí n kó jáde, ọmọ òun ń bọ̀ láti Ìbàdàn.
Mo kà á tán, mo fi ìka tó wú ká a padà.

Lọ́sàn-án, agbọ́n kan ṣoṣo ti ibi tó sùn mọ́jú dé.
Ó ń yí po ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀,
ó bà, ó gbéra, ó tún bà
lójú àpá kékeré tó ṣẹ́ kù lára igi àjà.
Ìgò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Omi ọṣẹ ṣì kù nínú rẹ̀.
Mo gbé ìkòkò iṣu mi,
mo tẹrí ba, mo kọjá.