Làfún Lórí Àpáta

Àpáta ló wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìtòkò,
kì í ṣe èyí tí àlejò ń sanwó wò.
Ó kàn nà sílẹ̀ bí ẹran tó yó,
ìrù rẹ̀ wọ abẹ́ ilé ìdáná, orí rẹ̀ yọ lójúde Ṣódípọ̀.
Ibẹ̀ ni Efúnyẹlá, ìyá ìyá mi, ń sá làfún sí.
Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ojú ọ̀run.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: igi kan lọ́wọ́ fún ewúrẹ́,
ojú méjèèjì fún òkè.

Wọ́n ní kí n má wo gbogbo ìkúukùu bí olè.
Èyí tó funfun, tó fọ́nká bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré,
ìyẹn ò lọ́rọ̀ sọ, ó ń kọjá ni.
Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní ìpẹ́ bí ẹja odò Ògùn,
"Ọ̀la ni tirẹ̀, jẹ́ kó máa lọ."
Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń ru sókè lọ́sàn-án bí omi ọṣẹ,
tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, tó dúdú bí ìkòkò orí ààrò,
òun ni kí n pariwo sí.
"Máa wo ìdí rẹ̀, ọmọ mi.
Orí tó funfun yẹn ò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.
Ìdí ni òjò ń jókòó sí."

Mo wá mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú.
Ewé ìbẹ́pẹ á dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ,
òórùn ilẹ̀ tútù á ti Láfẹ́nwá dé ṣáájú òjò fúnra rẹ̀,
páànù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó:
tó. Tó-tó.

Ọjọ́ kan, mi ò pariwo.

Ojú mi ti wálẹ̀, ó wà lára àpáta.
Ìlà funfun kan là á já láti ẹsẹ̀ àmù dé balùwẹ̀,
tóóró, bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fà á.
Mo fi ìka tẹ̀ lé e. Ó ń dán wínníwínní.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú kan, eérú kan, dúdú kan,
wọ́n tẹ̀, wọ́n yí po
bí ẹ̀kọ tí wọ́n ń rò lọ́wọ́ tí wọn ò rò tán.
Háà! Nǹkan yìí ti rọ̀ rí.
Ó ti yọ́ rí, ó ti ṣàn rí,
kí ẹnikẹ́ni tó wá pè é ní òkúta.

Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí òjò fi dé.

Làfún di omi. Funfun ń ṣàn lọ lójú àpáta,
ó ń wọ kòtò kéékèèké, ó ń bá ìlà àtijọ́ yẹn rìn,
tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó.
Ṣódípọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ó gbẹ́ kànga lọ́dún náà, ẹsẹ̀ bàtà méje péré ló kan òkúta.
Ó ti mọ bó ṣe ń fini ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá àgbà ò nà mí. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń wò.
Mo fi hàn wọ́n.
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú òjò, aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lára,
wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà títí ó fi wọ abẹ́ ògiri.
"Ogójì ọdún tí mo ti ń sá nǹkan síbí," wọ́n ní.
Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Garawa ni wọ́n ní kí n lọ gbé wá.

Wọ́n ti fọ́ ìdajì àpáta náà báyìí, ó di ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Adátán.
Bí òjò bá dá lálẹ́, mo máa ń lọ fẹ̀yìn lé ìdajì tó kù.
Oòrùn ọ̀sán ṣì wà nínú rẹ̀.
Nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń ti ara rẹ̀ dìde bí èéfín,
ó ń padà sókè, síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìkúukùu,
èmi náà gbójú sókè,
mò ń wo ìdí rẹ̀.