Ìgò Márùn-ún Lójú Fèrèsé

Ìgò márùn-ún ló ṣì wà lójú fèrèsé Ìbídùnní,
mẹ́rin ṣófo, ìkarùn-ún kù díẹ̀ kó dé ìdajì.
Mi ò tíì dà á nù.
Mò ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó tọ́jú ìwé gbèsè.

Gáréèjì Ìfàkì ló ti rà wọ́n,
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà,
tó so gbohùngbohùn mọ́ ọ̀kadà:
“Ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo àìrọ́mọbí,
ó ń wo ọkọ tí kì í sùn nílé,
jẹjẹrẹ ọmú, ìgò márùn-ún péré, ó parí!”
Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rín.
Ó ti fọwọ́ kan kókó kan nígbà tó ń wẹ̀,
kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kò dùn ún,
kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù mẹ́fà.
Ẹ̀wà di awùsá,
awùsá di nǹkan tí a ò fẹ́ fi wé oúnjẹ mọ́.
Ọkùnrin náà ní, “Bó bá ń wú, ó ń jáde ni.”
Bó bá rọ̀, oògùn ló ṣe é; bó bá le, oògùn ń bá a jà;
bí aláìsàn bá kú, kò lò ó pé.
Oògùn tí kò lè jẹ̀bi láéláé,
báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó jàre?

Ní Ìdó, Dókítà Fálọ́dún kò ṣèlérí kankan.
“N kò tíì mọ̀,” ló wí.
Inú bí mi. Ṣé torí “n kò mọ̀” la ṣe wọkọ̀ wá láti Ọ̀yẹ́?
Obìnrin náà ní iṣu tí a bá fura sí,
ọ̀bẹ la fi ń bi í léèrè.
Wọ́n bu ẹran tí kò tó èékánná, wọ́n gbé e sábẹ́ awò,
ọjọ́ mẹ́rìnlá la fi jókòó ti fóònù.

Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́:
irú èyí tó jẹ́, ibi tó rìn dé,
irun yóò bọ́, èébì yóò máa gbé e.
Ó sọ iye obìnrin bíi tirẹ̀ tó ṣì ń lọ sóko lẹ́yìn ọdún márùn-ún,
ó sì ka àwọn tí kò sí mọ́ fún wa.
Ọkùnrin Ìfàkì kò ka òkú rí.

Mo bi í nípa ewé. Kò fi mí ṣẹ̀sín.
Ó ní ara èèpo igi ni ọ̀kan nínú oògùn yìí ti ṣẹ̀;
ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fún ẹni yìí, wọn ò fún tọ̀hún,
wọ́n kọ ẹni tó yè, wọ́n kọ ẹni tó kú.

Mi ò ní purọ́: nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ wa,
iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, oko kòkó Bàbá bá owó kímò lọ.
Wọ́n gé ọmú kan.
Ó ń gúnyán báyìí, ó ń sinmi láàárín odó.

Lánàá, ìgò karùn-ún jò díẹ̀ sórí símẹ́ńtì.
Kó tó di ọ̀sán, èèrà ti tò dé ẹnu ọ̀nà.
Ṣúgà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a tún ń lọ Ìdó.
Dókítà kò tíì sọ pé ó parí.
Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ nìyẹn.