Mẹ́ta Tàbí Mẹ́jọ

Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà fún mi ní Bárígà
ni mo ti ka ètò ìṣúná ọdún yìí.
Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó wà fún ẹ̀kọ́,
èyí tó kan yunifásítì àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ —
ibẹ̀ gan-an ni òróró jókòó sí.
Ó ku nọ́ńbà kan tó ń dán bí ojú ẹja,
àti òdo lẹ́yìn rẹ̀.
Mo na ìwé sí oòrùn. Mẹ́ta ni mo rí.
Ọgbọ̀n.

Abọ́sẹ̀dé ẹ̀gbọ́n mi já a gbà, ó ki awò bọ ojú.
"Mẹ́jọ ni. Ọgọ́rin!
Ẹ̀yin ará Àkọ́kà lẹ ń jẹ ẹ́ tán,
ẹ wá ń nu ẹnu sí wa lára."

Kíláàsì kejì ló ń kọ́ ní Ìwáyà.
Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, bẹ́ńṣì méje,
àwọn tó kù ń jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì.
Bí òjò oṣù Òkúdu bá dé, ọ̀sà á wọlé,
kò forúkọ sílẹ̀, kò wọ yunifọ́ọ̀mù,
iwájú pátápátá ló ń jókòó sí.

Èmi náà sọ tèmi.
Ọdún méjìlélógún ni kọ́kọ́rọ́ yàrá-ìwádìí ti ń lu àpò mi.
Máíkírósíkóòpù méjìdínlógún, mẹ́rin ló ń ríran.
Owó àpò mi ni mo fi ń ra àlùbọ́sà
tí ọgọ́ta ọmọ ń tò láti wo awọ rẹ̀,
ìṣẹ́jú kan ẹnì kan, bí ẹni ń yọjú wo òkú.
Bó bá jẹ́ ọgọ́rin lóòótọ́, ta ló bá mi ná an?

"Oṣù mélòó lo fi jẹ gààrí mi nígbà ìyanṣẹ́lódì?"
Mo dákẹ́.
"Mélòó?"
"Mẹ́jọ."
"Ẹ̀n-ẹ́n. O ṣì mọ̀ ọ́n kà."

Ó tún bi mí: nínú gbogbo ọmọ tóun ti kọ́,
mélòó ló ti kan ilẹ̀kùn mi rí?
Mo ní ọ̀kan. Sẹnami, ọmọ orí omi,
tó wọ sálúbàtà rọ́bà wá, tó gbé ojú lé awò
tí kò fẹ́ gbé e kúrò mọ́.
Ó ní, "Bùrọ̀dá, ilé ni o! Ilé, ilé, ilé,
wọ́n fara ti ara wọn bíi tàdúgbò wa,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àtùpà kékeré tirẹ̀."
Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Lọ́dún kejì, owó ìforúkọsílẹ̀ fò sókè.
N ò rí i mọ́.
Abọ́sẹ̀dé ní òun ń rí i: fóònù ló ń tún ṣe ní Yábàá,
kì í wo ojú òun.

Àkàrà ti tutù. Kò sẹ́ni tó mú èyí tó kù.
Mo rántí ẹja kan ṣoṣo tí ìyá wa ń pín fún wa:
orí fún Abọ́sẹ̀dé, ìrù fún èmi.
Ìjà wa á gba ilé kan,
a ó máa fi ìka wọn orí, a ó máa fi ìka wọn ìrù,
kò sí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa bèèrè àárín.
Onílé ló ń jẹ àárín.

"Ṣé o rántí ẹja?" ni mo bi í.
Kò dáhùn. Ó yọ awò, ó fi ìbòrí nù ún,
ó wo ìwé náà, ó tún un wò.
"Bó bá jẹ́ mẹ́ta," ó rọra ní, "àádọ́rin yòókù,
kò sùn nílé mi."

Mo ká ìwé, mo fi sápò ṣẹ́ẹ̀tì; òróró mú aṣọ.
Lọ́la, màá gbé e sábẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin tó ń ríran.
Nọ́ńbà kọ́ ni mo fẹ́ wò mọ́.
Òróró yẹn ni: ọwọ́ ta ló ti wá.
Bí iná bá wà.