Fèrè Méjì

Nígbà tí ogójì ọjọ́ Bàbá mi pé,
mo tú àpótí rẹ̀. Lábẹ́ kóòtù rélùwéè,
ìwé ẹrù kan wà níbẹ̀ tí ikán ti jẹ létí.
Kì í ṣe ẹrù ló kọ sínú rẹ̀:

Òṣogbo mẹ́ta, Ìkìrun òdo.
Òṣogbo kan, Ẹdẹ kan. Òjò. Aró ṣí.
Òṣogbo méjì, Ìwó kan. Búsàrí mú pẹ́náritì.

Líìgì ọdún 1953. Ìlú mẹ́fà
tí ojú irin sín bí ìlẹ̀kẹ̀: Ìwó, Ẹdẹ, àwa,
Ìkìrun, Ọ̀fà, Ìlọrin létí okùn.
Alájì Kàsúmù oníkòkó ló ń sanwó,
ṣílè márùn-ún fún ẹni tó bá wọ pápá,
méje fún ẹni tó bá gbá góòlù wọlé.
Ìyá Gbọ́láṣeré ní, "Ẹni tó ń gbowó eré,
eré ti doko rẹ̀. Kó má pẹ́ lórí ẹní."

Òun náà ló rẹ aṣọ wọn láró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Òjò ká wọn mọ́ pápá Ẹdẹ, aró ṣí,
àyà wọn dúdú bí ìdí ìkòkò,
ọwọ́ àwọn ará Ẹdẹ náà sì dúdú.
Fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ọ̀nà irin ló mọ
ẹni tó fa ẹnìkejì láṣọ.

Mo ka orúkọ wọn bí ẹni ń ka owó tó ti kúrò lóde:
Búsàrí aṣọ́lé, alápatà, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò bí ewé kókò.
Ndagi ọmọ Tápà, tó ń da èédú sẹ́nu ẹ́ńjìnnì.
Nwáfọ̀ akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì, ẹlẹ́sẹ̀ òsì,
tó ń ka góòlù rẹ̀ ní èdè ilé ìyá rẹ̀.
Gbọ́láṣeré tí kò lè dúró jẹ́jẹ́, àní lórí ìrun.

Ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ Ọ̀fà. Ọ̀mì lásán ti tó wa.
Góòlù kan sí kan. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn igi máńgòrò.
Bàbá mi wà lórí àkàbà sígínà,
ojú kan ní pápá, ojú kan lọ́nà irin.
Ọkọ̀ ẹrù Ìlọrin ti fi wákàtí méjì pẹ́.
Ó fa irin. Apá sígínà wálẹ̀.
Ọkọ̀ fun fèrè.

Fèrè gígùn kan.
Àwọn tiwa dúró. Búsàrí kúrò lẹ́nu ilé,
ó na ọwọ́ láti bọ ará Ọ̀fà lọ́wọ́ bí ọmọlúàbí.
Ọmọdékùnrin kan, bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́, Ọlọ́run ló mọ̀,
ó rọra ti bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti sùn.
Tíṣà Ọjẹ́wùmí gbé fèrè tirẹ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i.
"Èmi kọ́," ló ní. "Èmi ò fun nǹkan kan."

Lójú ìwé tó kẹ́yìn, Bàbá mi kọ Òṣogbo kan,
ó fi kọ́mà sí i.
Kò kọ ti Ọ̀fà.

Wọn ò bá a wí. Ìyẹn ló dùn ún jù.
Ní gbogbo ìgbà èwe mi, Búsàrí a máa wá
lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ ẹran nínú ewé.
Wọ́n á sọ̀rọ̀ owó orí, ìyà eyín, òrùlé tó ń jò,
wọn ò ní dárúkọ bọ́ọ̀lù.
Bí ọkọ̀ bá sì fun fèrè lókèèrè,
Bàbá mi a wolẹ̀.
Búsàrí a gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí orúnkún,
díẹ̀ báyìí,
a gbá afẹ́fẹ́ mú,
a rọra gbé e kalẹ̀.