Ìlà Tí Mo Máa Ń Gbé Mì

Aago márùn-ún ìdájí, l'Ókè-Balógun, n'Ílùú Ẹ̀pẹ́.
Kò síná. Ìyá Ìmísí tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀,
ó ki í bọ inú kọ́ọ̀pù,
ìmọ́lẹ̀ ń mì lára ògiri bí ojú ọ̀sà.
A kọrin kan, oorun ṣì wà lóhùn wa.
A dé orí àdúrà tí Olúwa kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn,
a ń sọ ọ́ lọ geerege,
ó ti mọ́ wa lẹ́nu ju orúkọ ara wa lọ.
Ṣùgbọ́n ibi tí gbèsè wà nínú rẹ̀,
ibẹ̀ ni ikọ́ ti máa ń gbé mi.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wúkọ́ níbẹ̀.

Àbúrò mi ni Olúgbuyì. Ọmú kan náà la mu.
Ó yá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi fún ọjọ́ méjì péré,
ó ní òun fẹ́ lọ kó iyanrìn lọ́nà Ẹ̀jìnrìn.
Ìjì dé. Ẹ́ńjìnnì rì. Olúgbuyì léfòó.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń ṣírò ẹja:
Gbuyì, ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá náírà.
Mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Gbèsè kì í rà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó ń rà
nínú ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Èmi ni mò ń gba ọrẹ ní ìjọ wa, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́.
Bí wọ́n bá béèrè bóyá mò ń dàgbà nínú ẹ̀mí,
mo máa ń ní, "Ògo ni f'Ólúwa."
Irùngbọ̀n mi ń funfun. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú.
Bí èmi àti Gbuyì bá pàdé lọ́jà ẹja Olúwo,
màá tẹjú mọ́ epìyà inú agbada
bí ẹni tó fẹ́ ka ìpẹ́ rẹ̀ tán.

Láàárọ̀ yìí, a ṣe àmín. Ìmísí kò dìde lórí ẹní.
Ọmọ ọdún méje.
"Bàbá mi, ìlà kan ṣoṣo ni ikọ́ yín mọ̀.
Ṣé kí n máa bá yín sọ ọ́?"
Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Inú kọ́ọ̀pù ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò sọ fún pásítọ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ tí ìjì jà,
ẹnu ọ̀nà mi ni Gbuyì kọ́kọ́ wá, kò tíì délé ara rẹ̀.
Omi ń kán tótótó lára ṣòkòtò rẹ̀,
ó ń gbọ̀n, ewé odò lẹ̀ mọ́ ọn létí.
Mo gbé àtùpà sókè, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀,
mo ní, "Ẹ́ńjìnnì mi ńkọ́?"

Ojúmọ́ mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi.
Ó jókòó lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé,
ó fi ìka ẹsẹ̀ na àwọ̀n, ó ń dí ihò rẹ̀.
Mo dúró. Mo wúkọ́.
"Gbuyì. Lọ́jọ́ yẹn... ṣé o mu omi?"
Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.
"Mo mu ún, bùọ̀dá mi. Mo mu ún gan-an."
Kò sí ohun tí a tún sọ.
Mo jókòó, mo di etí àwọ̀n kejì mú,
títí oòrùn fi gun orí omi.

N kò tíì ya ojú ewé yẹn.
Bírò pupa ṣì wà níbẹ̀, mo lọ wò ó lọ́sàn-án.
Ṣùgbọ́n lọ́la, tí kọ́ọ̀pù bá tún tànmọ́lẹ̀,
mo fẹ́ gbìyànjú ìdajì ìlà náà.
Ìmísí, ìdajì yòókù,
bá mi gbé e.