Níbo Lo Ti Ń Wọ̀n Ọ́n?

Agogo kan òru ti lù ní Coimbatore,
ilé iṣẹ́ pọ́ńpù ti dákẹ́, iná kan ṣoṣo ló kù,
iná ojú kọ̀ǹpútà Kanmani.
Ó ya òbìrìkítí kan, ó ya ìkejì, ó ya mẹ́fà,
ihò bóòtù mẹ́fà tí yóò di ọmọrí pọ́ńpù mú.
Ìlà wọn funfun. Ìlà tó bá funfun ṣì lè rìn:
fọwọ́ kàn án, á sá lọ bí ewúrẹ́ tí a kò so.
Ó so wọ́n. Ó kọ ìwọ̀n sí i, mílímítà méjìlélógójì,
ó de èyí mọ́ tọ̀hún títí gbogbo wọn fi di àwọ̀ ewé.
Ó mí kanlẹ̀, ó lọ sùn.

Ibi tó gbé e lé ńkọ́?
Ojú irin tó sún mọ́ ọn jù lọ,
ojú tó tẹ́jú, tó ń dán, tó ń pe èèyàn,
ojú tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ lánàá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Palanichamy wọlé, ife kọfí lọ́wọ́:
"Oníbàárà Erode ní ògiri yẹn kò lágbára tó.
Fi egungun ìhà méjì kún un. Méjì péré."
Péré!
Kanmani padà sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́, ó fi egungun méjì síbẹ̀,
ó tẹ bọ́tìnì.
Yéè.
Ojú kẹrìnlá ti di ojú kejìlélógún,
kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó ń jẹ́ kẹrìnlá mọ́.
Ihò mẹ́fà fò kúrò lára irin,
wọ́n dorí kodò sínú òfìfo,
wọ́n ń lu afẹ́fẹ́ ní ihò,
méjìlélógójì ṣì ni méjìlélógójì,
kò fi ìdá kan yẹ̀.

Ó rántí ilé Arákùnrin Sengottuvel,
àbúrò ìyá rẹ̀ tó ní òun yóò san owó ilé ẹ̀kọ́.
Ọdún méjì ló fi gbé ara rẹ̀ lé ojú yẹn.
Ọkùnrin náà fẹ́ ìyàwó tuntun, ojú yí padà.
Kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Baba Thangavel ló wọlé wá wo ohun tó ń mú un kígbe,
agbẹ́gi tó ń gbẹ́ àwòṣe tí wọ́n fi ń ṣe ihò fún irin yíyọ́,
ogójì ọdún, ìyẹ̀fun igi tíìkì ní ìpéǹpéjú.
Kò mọ eku kọ̀ǹpútà, kò sì bèèrè rẹ̀.
"Níbo lo ti ń wọ̀n ọ́n?"
"Láti etí, Baba."
"Etí! Etí tí màá fá lọ́la?
Kí n tó fi ayùn kan pákó, mo ti na òwú sí àárín rẹ̀,
mo fi ẹfun kùn ún, mo ta á, pà!
Ohun gbogbo tí mo bá gbẹ́, òwú yẹn nìkan ló mọ̀.
Etí kò mọ nǹkan kan."

Ó tú àwòrán náà kúrò lójú irin.
Ó gbé e lé pẹpẹ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbẹ́,
èyí tó ti wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀,
ó fi ìwọ̀n kan ṣoṣo gbé e sókè,
ó sọ ìwọ̀n náà ní Gíga.
Pupa ń kúrò lára igi iṣẹ́, ẹ̀ka kan, ẹ̀ka kan.
Nígbà tí ọ̀gá tún dé pé "ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di mẹ́rin,"
kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Òwú tìrẹ dà?" ni Baba bi í.
Ó fi hàn án: ìlà tín-ín-rín mẹ́ta tó pàdé lójú òdo.
Baba na ìka, ó tẹ ojú òdo náà,
ìyẹ̀fun igi sì kù sórí dígí.
Kanmani yí pọ́ńpù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì,
ó dojú rẹ̀ délẹ̀.
Ipa ìka kò yẹ̀.
Kò nù ún títí di ọjọ́ Jímọ̀.